Ojú Àpá Kì Í Jọ Ojú Ara: Ẹ̀kọ́ Lára Ọkọ̀ Tuntun ní Ìgbà Ọyẹ́

Ibi kíkà: Léfítíkù 13:1–8, 14:33–42

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ yín sí ìkáwọ́ rẹ̀ lónìí, ó lè ya yín lẹ́nu pé lára ọ̀dà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni àlùfáà yóò ti mú ẹ̀kọ́ wá. Ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yóò wúlò fún ẹni tí ó ní ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò wúlò fún ẹni tí ó ní ọmọ.

Ní ọdún tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ìjọ tí mo ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn fún ní Ìkòròdú ra ọkọ̀ tuntun fún mi. Kì í ṣe tòkúnbọ̀. Ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. N kò ní irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, ọyẹ́ dé, ó sì mú gidigidi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ ọdún 13, rí i pé eruku ti bo ọkọ̀ náà, ó sì fẹ́ ṣe mí lóore. Ó mú àkísà gbígbẹ, ó nu ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí oòrùn tàn sí i, mo rí i pé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kún fún ìlà wẹ́wẹ́, yíká-yíká, bí òwú aláǹtakùn. Mo pariwo mọ́ ọmọ náà lójú gbogbo ìjọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó ti ẹnu ẹni tí ń lọ gun àga ìwàásù jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ náà sílẹ̀ ná, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀.

Ohun tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀

Láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ibi kan wà ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì tí wọ́n ń pè ní Bodélé, tí í ṣe ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tí ó ti gbẹ láti ayébáyé. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí eruku ti ń dìde jù lọ ní gbogbo ayé. Nínú ohun tí ọyẹ́ ń kó wá ni èérún yanrìn wà, irú èyí tí a fi ń ṣe gíláàsì, ó sì le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ wá fi eruku pupa ti àwọn ọ̀nà wa kún un, láti Ìkòròdú dé Ìtòíkin títí dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọkọ̀ típà tí ń kó yanrìn kì í dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá fi àkísà gbígbẹ nu irú eruku bẹ́ẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó mú sáńpépà tí ó fi ń ha ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi odò kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàn wọ inú ọ̀sà Èkó mọ́, iyọ̀ òkun a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ọ̀sà tí ó wà níhà Ẹ̀pẹ́ kì í níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrì àti ọ̀rinrin kò jìnnà sí ìlú méjèèjì. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ń mú kí irin ní ìpáàrà. Bí iyọ̀ bá dàpọ̀ mọ́ wọn, ìpáàrà a máa yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Aṣọ tí irin wọ̀

Ọ̀dà ara ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, a ó kọ́kọ́ ri gbogbo ara ọkọ̀ bọ inú agbada ọ̀dà ńlá, a ó sì fi iná mànàmáná mú kí ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ irin títí dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé. Lórí èyí ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ yóò wà, lẹ́yìn náà ọ̀dà aláwọ̀ tí ojú wa ń rí, àti lókè pátápátá ọ̀dà adán tí kò ní àwọ̀, èyí tí àwọn pẹ́ńtà wa ń pè ní kílíà. Bí a bá ka gbogbo wọn papọ̀, wọn kì í sábà nípọn ju bébà ìwé kíkọ kan tàbí kan àbọ̀ lọ. Kílíà nìkan kò tó ìdajì rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ó wà láàárín irin àti ìpáàrà.

Wò ó kí o tó sọ̀rọ̀

Nínú ibi kíkà wa, ẹni tí àmì kan bá yọ sí lára ni a ó mú tọ àlùfáà wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí àyè fún ariwo níbẹ̀. Àlùfáà yóò wò ó. Ohun pàtàkì tí yóò sì wádìí ni bóyá àmì náà jìn ju awọ ara lọ, tàbí ojú awọ lásán ni ó wà. Bí kò bá jìn, kò ní dá ẹni náà lẹ́bi. Yóò yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 7, yóò sì tún padà wá wò ó. Ní orí 14, nígbà tí ó kan ògiri ilé, ìbéèrè kan náà ni ó tún béèrè: ṣé ó jìn ju ojú ògiri lọ?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ bi ara ọkọ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan ibẹ̀, kí ẹ má ṣe tíì fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó bá mọ́, ẹ wò ó bí ó ti tutù. Bí ìlà náà bá pòórá nígbà tí omi wà lórí rẹ̀, tí ó sì tún yọjú nígbà tí ó gbẹ, kílíà nìkan ni ó kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá. Bí èékánná bá ń yọ̀ lọ láìkọsẹ̀, ojú awọ ni. Bí ó bá há sínú rẹ̀, ó ti jìn. Bí ẹ bá rí funfun tàbí àwọ̀ eérú, ó ti dé ọ̀dà ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá rí dídán irin, tàbí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti dé ìhòòhò.

Ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan

Èyí tí kò kọjá kílíà kò fẹ́ ju pọ́líìṣì ọkọ̀ tí ó kúnná àti aṣọ rírọ̀ mímọ́ lọ, lábẹ́ òjìji, pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Kí ẹ má sì ṣe é lemọ́lemọ́, nítorí pọ́líìṣì fúnra rẹ̀ ń yọ díẹ̀ nínú kílíà nígbàkúùgbà tí a bá lò ó. Ẹ má fi karosíìnì pa á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ kun gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn sára ọkọ̀ sàn ju èyí tí a óò fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà lọ.

Èyí tí ó dé ọ̀dà ìpìlẹ̀ ń fẹ́ ọ̀dà àwọ̀ rẹ̀ gan-an, tí a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ sínú ìlà náà díẹ̀díẹ̀, kí a tó fi kílíà bò ó. Ẹ má fi ojú ṣòwò àwọ̀. Lára òpó ilẹ̀kùn iwájú ni a ti ń rí ìwé kékeré tí nọ́ńbà àwọ̀ wà nínú rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lára Toyota, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí a kọ C/TR sí. Funfun kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 040. Funfun mìíràn tí ó jọ ọ́ kò ní bá a mu nínú oòrùn.

Èyí tí ó dé irin kò ní sùúrù. Kí ẹ má jẹ́ kí ó di oṣù tí ń bọ̀. A ó ha ìpáàrà rẹ̀ kúrò títí irin yóò fi mọ́, a ó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ń dènà ìpáàrà sí i, lẹ́yìn náà ọ̀dà aláwọ̀ àti kílíà. Bí ó bá jẹ́ pé pẹ́ńtà ni yóò fọ́n ọ̀dà, ẹ wá ẹni tí ó ní yàrá tí a lè tì, nítorí eruku ọyẹ́ a máa bà lé ọ̀dà tútù, a sì gan mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ó tó ìwọ̀n oṣù kan kí ẹ tó fi pọ́líìṣì kankan kàn án. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ lára bọ́ńpà ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Ike ni bọ́ńpà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ike kì í ní ìpáàrà.

Ní ti ìfọ̀, garawa méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún omi tí a ó máa fi ṣan aṣọ kí a tó dá a padà sínú ọṣẹ. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ọkọ̀ ni kí ẹ rà; ọṣẹ ìfọṣọ a máa bó òróró ààbò kúrò lára ọ̀dà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n wà lókè òkun yóò ka ìwé yìí pẹ̀lú, wọ́n sì ní ọyẹ́ tiwọn. Ní Bírítéènì, Kánádà àti ìhà àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni ìjọba ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín má bàa dì, iyọ̀ yìí a sì máa wọ inú gbogbo ojú ìha. Ẹ má fi ṣọ́bìrì tàbí ohun tí a fi ń ha gíláàsì gbá yìnyín kúrò lára ọ̀dà. Ẹ máa fọ iyọ̀ kúrò déédéé, títí kan abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dà kì í sábà gbẹ dáadáa bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, bí kò bá sí ilé tí ó móoru tí a lè gbé ọkọ̀ sí, ẹ gbẹ ojú ìha náà, kí ẹ fi ìda ọkọ̀ dí i fún ìgbà díẹ̀ títí oòrùn yóò fi padà.

Ìlà tí mo fi pamọ́

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi yẹn, èmi fúnra mi ti fi ẹnu géètì ha ọkọ̀ náà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èékánná mi há sínú rẹ̀. Mo rí irin. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ń gbé ọkọ̀ náà sí ibi tí ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò fi kọjú sí ògiri.

Pẹ́ńtà fi pọ́líìṣì pa ìlà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ́ láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún tí ó tẹ̀lé e fi dé, ọ̀dà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti wú bí ìléròrò, ìpáàrà sì ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Mo ti pariwo lórí èyí tí kò jìn, mo sì ti bo èyí tí ó jìn mọ́lẹ̀, nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn ni ó ṣe èkínní, èmi ni mo ṣe èkejì.

Ọmọ náà kò wá sí ilé ìjọsìn fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Wọ́n ní ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ẹ̀pẹ́. Mo wa ọkọ̀ náà lọ síbẹ̀. Mo sọ níwájú ìyá àgbà náà pé, “Ọmọ mi, má bínú. Oore ni o ṣe, èmi ni mo fi ibi san án.” Ìyá náà dìde, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ yín ni.” Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ó padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, mo gbé garawa méjì síwájú rẹ̀, mo kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é, a sì jọ fọ ọkọ̀ náà. Ó mọ̀ ọ́n fọ̀ ju èmi lọ báyìí. Síbẹ̀, bí ó bá ti fi aṣọ kan ara ọkọ̀, yóò gbójú sókè wo ojú mi kí ó tó tún fi kàn án. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Wákàtí kan ni ti bọ́nẹ́ẹ̀tì gbà. N kò tíì mọ iye ọdún tí èyí yóò gbà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ yóò ṣe àṣìṣe nínú ilé yín àti nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ wò ó kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Àṣìṣe mìíràn wà tí ó jẹ́ pé àìkọ́ni ni ó fà á, ojú awọ ni ó sì wà. Ẹ̀kọ́ àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni oògùn rẹ̀. Òmíràn ti dé irin, bí irọ́ pípa àti olè jíjà. Kí ẹ má fi í sílẹ̀ di ọ̀la, kí ẹ má sì yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ògiri nítorí orúkọ ìdílé. Bí a bá sì fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Nínú Léfítíkù 13, kí ni ìdí tí àlùfáà fi ń dúró fún ọjọ́ 7 kí ó tó padà wò ó?

2. Àṣìṣe wo ni ọmọ rẹ ṣe láìpẹ́ yìí? Ṣé o wádìí bí ó ti jìn tó kí o tó bá a wí?

3. Ìlà wo ni ìwọ fúnra rẹ kọ sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i?

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń ríran jinlẹ̀, àti ọwọ́ tí ó rọ̀. Àmín.