Ta Ló Ta Húfà Yìí fún Ọ?

Bùkọ́lá, bọ́ kóòtù rẹ kí o jókòó. Láti ìgbà tí o ti fi fọ́tò húfà yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ni ara mi ò ti balẹ̀. £800! Owó tí o fi iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó kó jọ, ìwọ ọmọ yìí. O sì mọ nọ́ńbà mi o. O mọ̀ pé ọ́fíìsì ni mo ń gbá ní London yìí kí wọ́n tó bí ọ, pé húfà tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìwọ kò béèrè. O rí nǹkan tó ń dán lójú wíńdò, o fa káàdì yọ.

Gbé e wá síbí. Dojú rẹ̀ dé sórí tówẹ̀lì yìí, rọra, kó má ha ilẹ̀ mi. Báàgì rẹ̀ tuntun ni, mo gbà. Ọwọ́ rẹ̀ tuntun ni. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, Sentria, sí níwájú, tuntun ni òun náà. Ó yá, fi ìka kan ojú súkúrù yìí. Ṣé o rí i bó ṣe yọ́, tí ẹnu rẹ̀ ti gbòòrò, tí etí rẹ̀ ń tàn yinrin níbi tí irin ti ń yọ̀ lórí rẹ̀? Wọ́n ti tú u, wọ́n ti dè é, wọ́n tún ti tú u. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò tíì pẹ́ láyé, kí ni wọ́n ń tú kiri nínú rẹ̀? Wo táyà kékeré yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ ju èkejì lọ. Wá wo ibi tí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà yẹ kó wà. Wọ́n ti ha á kúrò. Àwọn ìlà tí irin fà síbẹ̀ rèé, wọ́n ṣì mú lọ́wọ́. Ẹni tó ha nọ́ńbà ẹ̀rọ dànù ní ohun tó ń fi pamọ́ fún ọ, ọmọ mi, ohun náà sì ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń lu jìbìtì yìí fún ọ. Kirby nìyí, ilé-iṣẹ́ Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, kì í dógùn-ún. Bí èèyàn bá mú sùúrù dán an, á kọ mọ̀nà. Lọ́dún 1990 ni wọ́n gbé Generation 3, ìyẹn G3, jáde, èyí tó ní gíà tó ń mú kó máa rìn fúnra rẹ̀ bí o bá kàn tì í díẹ̀. Sentria, àbúrò rẹ̀, dé lọ́dún 2006. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn, ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara G3 ló sì ń wọ ara Sentria. Ibẹ̀ ni oníjìbìtì ti ríbi wọlé. Á ra èyí tí wọ́n ti lò gbó ní owó pọ́ọ́kú, á dán ara rẹ̀, á pààrọ̀ báàgì, á fi orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i lórí. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ lè ti máa dún nígbà tí o ṣì ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Ilé-iṣẹ́ yẹn kì í sì í fi tuntun sí ṣọ́ọ̀bù o. Aṣojú wọn ló máa ń gbé e wọlé tọ èèyàn wá, á da iyẹ̀pẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ, á gbá a lójú rẹ, á sì ní kí o san owó tó ju £1,000 lọ. Nígbà tí o rí ohun tí wọ́n ní kò tíì pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì, ó yẹ kí o ti bi wọ́n pé, báwo ló ṣe débí?

Gbọ́ mi dáadáa, n ò bá ohun àlòkù jà. Ta ni yóò bá a jà nínú àwa tí fíríìjì tókùnbọ̀ tọ́ dàgbà? Ilé-iṣẹ́ Kirby gan-an ti gba ẹ̀rọ àtijọ́ padà rí lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, wọ́n dán an, wọ́n sì dá a padà fún wọn. Iṣẹ́ tó dára nìyẹn. Bí ọkùnrin kan bá wí fún mi pé, "Màmá, G3 ni, ó ti pẹ́, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì àti bíárìn rẹ̀, ẹ mú £120 wá," n ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì gbàdúrà fún un. Èyí tó dùn mí ni pé wọ́n parọ́ fún ọ. Owó ọmọ ọdún díẹ̀ ni wọ́n gbà lórí àgbàlagbà.

Tan iná sí i. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń kùn? Kirby kì í fa ìdọ̀tí gba báàgì lọ tààrà. Inú fáànù ló ń gbà kọjá kó tó dé báàgì. Gbogbo owó ẹyọ, gbogbo píìnì tí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi fà mì, fáànù yẹn ló gbà á sára. Wáyà náà ti gan, ó ń là níbi tó ti ń tẹ̀. Báàgì tuntun kò lè wo ìyẹn sàn.

Bí o bá tún fẹ́ ra húfà mìíràn lọ́jọ́ iwájú, yálà ti ilé-iṣẹ́ wo ni, kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni òfin Yúróòpù, tó de ilẹ̀ yìí náà nígbà yẹn, ti ní kí agbára húfà ilé má ju 1600 wáàtì lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n tún fà á sílẹ̀ sí 900. Ẹni tó bá ní ọdún 2018 ni wọ́n ṣe húfà kan, tí o sì rí 2000 wáàtì lábẹ́ rẹ̀, kí i pé ó dàárọ̀, kí o máa lọ.

Má sì wulẹ̀ sọ fún mi pé o máa fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ ní Ìbàdàn! Mo mọ̀ ọ́, mo rí i lójú rẹ. Àwọn tó ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó lọ́dún 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n kì sínú ọkọ̀ tókùnbọ̀, àwọn kan kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ohun tí kò dára fún ọ kò dára fún ìyá rẹ.

Ó yá, mú rísíìtì wá. Ó dára, ọgbọ̀n ọjọ́ kò tíì pé. Òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 ní kí ọjà rí bí ẹni tó tà á ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ì báà jẹ́ àlòkù, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ oníṣòwò ló tà á. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, o lè dá a padà kí o gba gbogbo owó rẹ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ ní kí o jẹ́ kí àwọn tún un ṣe. Káàdì wo lo fi san? Kírẹ́díìtì? Ọlọ́run ṣeun. Ọjà tó bá ju £100 lọ, ilé-iṣẹ́ káàdì náà wà nínú gbèsè rẹ̀. Abala 75 nínú Consumer Credit Act ti ọdún 1974 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó tà á fún ọ bá ṣe agídí, ilé-iṣẹ́ káàdì la ó kọ̀wé sí.

Ya fọ́tò ibi tí wọ́n ha yìí, kí súkúrù náà hàn. Rísíìtì tí wọ́n kọ Sentria sí, ya òun náà. Kọ lẹ́tà rẹ lálẹ́ yìí, ṣókí ni kó jẹ́, má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, sọ pé o kọ ọjà náà, o sì fẹ́ gba owó rẹ. N ò níṣẹ́ lọ́la, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà ni. Jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣí, kí o ti wà níbí ní aago mẹ́sàn-án.