Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Fowó Kún Wárántì Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá lọ ra fóònù ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹni tó ń tà á lè ní kí ẹ fowó díẹ̀ kún un kí wárántì rẹ̀ lè gùn sí i. Ẹ má tètè ki ọwọ́ bàpò. Fóònù tuntun sábà máa ń ní wárántì ọdún 1 láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, láìgba kọ́bọ̀. Àbùkù tó ti iléeṣẹ́ wá nìyẹn wà fún. Kò sábà kan ojú fóònù tó fọ́ tàbí fóònù tó kó sómi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan méjèèjì yìí ló ń dààmú wa jù.

Ẹ béèrè: ṣé ojú tó fọ́ wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ sanwó fún? Èló ni ẹ ó tún san lọ́jọ́ àtúnṣe? Bí kò bá kan ojú fóònù, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ra páùṣì tó nípọn, kí ẹ tọ́jú owó tó kù.

Wárántì yòówù tí ẹ gbà, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà tó jáde bá ti ara páálí àti rìsíìtì mu kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.