Ìtàn Sísọ fún Àwọn Ọmọ Òrukàn: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Yọ̀ǹda Ara Wọn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ òrukàn lórí ìwé yìí, ìrẹsì ni, aṣọ ọdún ni, owó ilé ìwé ni. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti jẹun tán ní alẹ́, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Nínú ilé mìíràn, ẹni tó máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ gan-an ni Ọlọ́hun ti pè. Ìyá tó kù ń wá oúnjẹ lọ sọ́jà, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó délé. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ti girama tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa sọ ìtàn fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe tuntun pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀sìn láìgba owó. Ní 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kóra jọ ní Èkó tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀, tí ó tàn káàkiri Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ kò tíì di alásè. Ẹ̀kọ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sì wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó yín ti iṣẹ́ yìí lẹ́yìn, kí ẹ lè mọ ohun tí a ń ṣe.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: ÌTÀN WÀ NÍNÚ Ẹ̀SÌN WA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré lásán ni ìtàn sísọ. Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kún fún ìtàn, Ọlọ́hun sì fi yé wa pé èyí tó dára jùlọ nínú ìtàn ni Òun sọ nínú Súrà Yúsúfù. Ẹ wo ọkọ̀ Ànábì Núhù, ẹ wo ẹja tó gbé Ànábì Yúnúsà mì, ẹ wo èèrà tó kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọ ogun Ànábì Sulaimọ́nù ń bọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè gbọ́ wàásù wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó lè rí èèrà náà nínú ọkàn rẹ̀, kò sì ní gbàgbé.

Ìtàn àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ òrukàn gbọ́ ni ti Ànábì wa fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá bàbá rẹ̀ tó gbà á tọ́ kú nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Abu Talib, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní òrukàn ní ilé ìwé, tó gbọ́ pé òrukàn ni ẹni tí gbogbo Mùsùlùmí ń tọrọ ìkẹ́ fún lójoojúmọ́, yóò gbé orí rẹ̀ sókè.

Ẹ tún rántí Abu Umayr, àbúrò Anas ọmọ Malik. Ọmọ kékeré ni, ó ní ẹyẹ kan tó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ànábì kò sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni; ó bi í léèrè nípa ẹyẹ rẹ̀, ó sì bá a ṣàwàdà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́dọ̀ kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ó tó sọ ìtàn tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ti ọmọ.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ÀLỌ́ ŃKỌ́?

Àwọn òbí kan ti ń béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé ó yẹ kí ọmọ tó ń ké kéwú máa gbọ́ àlọ́ Ìjàpá, nígbà tó jẹ́ pé Ìjàpá kì í sọ̀rọ̀. Ìdáhùn wa ni pé irọ́ ni kí o sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kí ẹnìkejì rẹ gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Àlọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí apàlọ́ bá ti ní “Ààlọ́ o!”, tí àwọn ọmọ dáhùn “Ààlọ̀!”, gbogbo wọn ló mọ ibi tí wọ́n wọ̀. Àwọn tó kàwé Lárúbáwá mọ Kalila wa Dimna, ìwé ìtàn ẹranko tó wá láti Íńdíà, tó gba ilẹ̀ Páṣíà kọjá, tí Ibn al-Muqaffa sì tú sí èdè Lárúbáwá ní bí 1,250 ọdún sẹ́yìn. Ìjàpá wà nínú rẹ̀! Pẹ́pẹ́yẹ méjì fi igi gbé e fò, ó fi ẹnu di igi náà mú, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má ṣe la ẹnu. Ó la ẹnu láti fèsì fún àwọn tó ń wò ó, ó sì já bọ́. Àwọn Mùsùlùmí ti fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ọgbọ́n láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n a fi àlà mẹ́ta sí i. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da àlọ́ pọ̀ mọ́ ìtàn àwọn Ànábì ní ìjókòó kan náà láìjẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìyàtọ̀. Èkejì, kí a yẹra fún àlọ́ tó jẹ́ pé ẹbọ tàbí oògùn ló ń gba ẹni là níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi iyọ̀ sí ìtàn Al-Kùránì àti hádíìsì kí ó lè dùn. Bí Al-Kùránì kò bá dárúkọ èèrà náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Ibn al-Jawzi, àáfà ńlá ará Baghdad tó kú ní 1201, kọ odidi ìwé kan lórí àwọn onítàn àti oníwàásù, ó sì bá àwọn tó ń hun ọ̀rọ̀ mọ́ Ànábì lẹ́nu wí nínú rẹ̀. Adùn wà nínú ohùn àti ìfarahàn. Ibẹ̀ ni kí a ti wá a.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: YÍYAN ÌTÀN

Ibí yìí ni ìṣọ́ra pọ̀ jù. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àlọ́ wa ló dá lórí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tí ìyàwó bàbá sì ń fi ìyà jẹ. Nínú àwọn ọmọ tó jókòó síwájú yín, ẹnìkan wà tó jẹ́ pé ilé ìyàwó bàbá rẹ̀ ló ń gbé, tí obìnrin náà sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Tí ọmọ náà bá padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú wo ni yóò fi wò ó? Ẹ fi àwọn àlọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìtàn Ànábì Yúsúfù pàápàá gba ọgbọ́n. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú yóò gbọ́ pé Yúsúfù padà rí bàbá rẹ̀, yóò sì béèrè pé, “Bùọ̀dá, ìgbà wo ni bàbá tèmi ń bọ̀?” Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí má tíì sọ ìtàn náà. A óò padà síbẹ̀.

Kí ẹ yan ìtàn ìlú náà. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò gbọ́ nípa Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ṣùgbọ́n ẹṣin àti aṣọ àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìtàn ọpẹ́ ni.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÌMÚRASÍLẸ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ka ìtàn látinú ìwé, kí ó má sì há a sórí bí ẹni há tírà. Egungun ìtàn ni kí ó mú: ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀, ibo ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, báwo ló ṣe parí. Ìlà mẹ́rin lórí ìwé ti tó. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ògiri inú Súratul-Kahf ṣe àpẹẹrẹ:

1. Ànábì Músà àti ẹni tí Ọlọ́hun fún ní ìmọ̀ dé ìlú kan, ebi ń pa wọ́n, àwọn ará ìlú kọ̀ láti fún wọn lóúnjẹ.
2. Wọ́n rí ògiri kan tó fẹ́ wó, ẹni yẹn tún un ṣe, kò gba owó.
3. Ó ya Músà lẹ́nu: ẹ kò gba owó lọ́wọ́ àwọn ahun wọ̀nyí?
4. Ògiri náà jẹ́ ti ọmọ òrukàn méjì. Ìṣúra wọn wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni rere sì ni bàbá wọn. Ọlọ́hun fẹ́ kí ó wà ní ìpamọ́ títí wọn yóò fi dàgbà.

Ìtàn mìíràn wà ṣáájú èyí nínú Súrà náà, nípa ọmọkùnrin tí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́. Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ mẹ́nu kúrò níbẹ̀. Ti ògiri tó odidi ìtàn.

Lẹ́yìn èyí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ fún ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, kí ìtàn má sọnù. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí ohùn yí padà fún ẹni kọ̀ọ̀kan inú ìtàn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ojú kúrò lára ìwé pátápátá. Tí ó bá jẹ́ àlọ́ onórin, kí gbogbo wọn mọ orin náà, kí wọ́n lè gbè é. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NTA bẹ̀rẹ̀ Tales by Moonlight ní 1984, àwọn ọmọ káàkiri Nàìjíríà jókòó tì í, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í gbọ́ ohùn ọmọ tó ń gbè é. Ẹ̀yin ń gbọ́ ọ.

Kí àlọ́ àpamọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ara wọn lè yá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún ìtàn àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fara da ogún. Ẹ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wọn, kí gbogbo ojú lè rí ara wọn.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: ÈDÈ

Yorùbá ni kí ẹ fi sọ ọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Mùsùlùmí ọmọ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdánwò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ tó kù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Tí ọmọ bá sì fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú dá yín lóhùn, ẹ má ṣe tún un ṣe fún un. Èdè ilé rẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohùn bàbá rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: TÍ ỌMỌ BÁ BÉÈRÈ

Tí ọmọ bá béèrè bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó rin ìrìn àjò. Ọmọ yóò máa retí rẹ̀ ni, ọjọ́ tí ó bá mọ òtítọ́, kò ní gbà wá gbọ́ mọ́. Ẹ má sì sọ pé ó sùn, kí ọmọ má baà máa bẹ̀rù oorun. Ẹ sọ òtítọ́ ní pẹ̀lẹ́tù: “Wọ́n ti kú. Wọn kò lè padà wá. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni wọ́n wà, o sì lè máa ṣe àdúà fún wọn. A ń retí pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ tún ríra ní Al-Jánnà.” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ sunkún tó bá fẹ́ sunkún. Ànábì wa sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú. Ẹ sọ fún alágbàtọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀KỌ́ KEJE: ÌLÀNÀ ÀTI OWÓ

Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa wà pa pọ̀ nígbà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ní kọ̀rọ̀, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò ọmọ òrukàn láti fi han aráyé. Kí a má ṣe lu ọmọ, kí a má sì fi orúkọ òrukàn pè é láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tí kò bá dájú pé òun yóò wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ má ṣe ṣèlérí. Ọmọ tó ti pàdánù ẹnìkan ń ka ọjọ́ ju àgbàlagbà lọ.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ yìí kí ó yé gbogbo wa. Ìsọ̀rí mẹ́jọ ni Súratut-Taobah kà fún owó sàká. Ọmọ òrukàn kò dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí kan nínú wọn. Tí ó bá jẹ́ tálákà tàbí aláìní ló fi ń gbà á. Òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ogún púpọ̀ sílẹ̀ fún kì í gba sàká. Nítorí náà, owó ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bísíkíìtì, ẹní àti ìwé ìtàn kò ní jáde látinú àpò sàká. Sàráà ni a óò fi ṣe é, àpò rẹ̀ sì dá wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun lọ síbẹ̀, kí ó sọ ọ́ kedere nígbà tó bá ń san án.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Àlọ́ wo ni o mọ̀ tí kò yẹ kí o pa fún ọmọ òrukàn? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Mú ìtàn Ànábì Yúnúsà, kí o kọ egungun rẹ̀ sí ìlà mẹ́rin.
3. Kí ni ìwọ yóò ṣe tí ọmọ kan kò bá fẹ́ bá àwọn yòókù gbe orin?

Ẹ̀yin òbí wa, hádíìsì fi yé wa pé ẹni tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn yóò sún mọ́ Ànábì ní Al-Jánnà bí ìka méjì ṣe sún mọ́ra. Ẹni tó fún ọmọ lóúnjẹ wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó jókòó tì í lórí ẹní, tó sì bá a gbe orin, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ gbogbo wa, kí Ó sì dá àwọn ọmọ náà sí. Àmín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́