Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ Lórí Omi Mímu àti Sísanra

Ìpọ̀nrí,
Èkó.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ Lísàbí,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á ní àkàtúnkà, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni kí ọmọbìnrin máa sọ pé òun kò dá ara òun mọ̀ mọ́ nínú dígí. O ní láti ìgbà tí o ti kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn ni ara rẹ ti ń pọ̀ sí i, pé ẹnì kan sì ti fi yé ọ pé èròjà ilẹ̀ tí ó wà nínú omi kànga ẹ̀rọ ni ó fà á, o wá ń tọrọ owó ẹ̀rọ tí yóò sẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò.

A kì í bá omi ṣọ̀tá, ọmọ mi. Omi ni à ń wẹ̀, omi náà ni à ń mu. Rántí omi ilé wa níhìn-ín: bí a bá fà á jáde, á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n bí ó bá sun inú bàsíà mọ́jú, irin tí ó ti yọ́ sínú rẹ̀ á ti bá afẹ́fẹ́ pàdé, á di ìpẹtà pupa sí ìsàlẹ̀, aṣọ funfun tí a bá fi í fọ̀ á pọ́n, tíì tí a bá sì fi í pò á dú bí tàdáwà. Ìlànà ìjọba kò fẹ́ kí irin ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà omi mímu kan, nítorí náà ni a ṣe ń sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, nínú àgbàlá kan náà, láti ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni a ti ń pọn, àwọn kan sanra, àwọn kan gbẹ. Kò sí okun oúnjẹ nínú irin tàbí nínú kálíṣíọ̀mù tí ara lè sọ di ọ̀rá. Omi tí a gbẹ́ kàn láàárín àpáta, bí ti Ìbàdàn yín, lè le, bí ó bá sì le, ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kálíṣíọ̀mù tí ó ń mú un le ni egungun wa ń fẹ́.

Ní ti lithium, ọ̀kan lára èròjà ilẹ̀ tí o dárúkọ, kì í ṣe irọ́ pátápátá ni ẹni náà pa. Láti 1949, tí oníṣègùn John Cade ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Ọsirélíà, ni a ti ń fi í tọ́jú irú àrùn ọpọlọ kan, àwọn kan nínú àwọn tí ń lò ó a sì máa sanra. Ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíráàmù ni wọ́n ń gbé mì lójúmọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdá ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù kan ni a fi ń ka èyí tí ó sábà máa ń wà nínú lítà omi. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń fura pé bí ó ti kéré tó náà ni ó ń mú ènìyàn sanra. Ẹ̀rí wọn kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, èmi kò sì ní fi owó ra ìfura fún ọ.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìwọ fúnra rẹ ni o kọ ọ́ pé, nítorí ìbẹ̀rù omi náà, mínírà ni o fi ń jẹun lọ́sàn-án àti lálẹ́! Agolo mínírà kan lè ní gíráàmù ṣúgà 35 nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí àgbàlagbà ju nǹkan bí 50 lọ lójúmọ́, wọ́n sì ní bí kò bá tó 25 ni ó sàn jù. Ibẹ̀ ni kí o ti kọ́kọ́ wá ọ̀rá náà.

Bí o bá fi mínírà sílẹ̀ tí ara sì ń pọ̀ síbẹ̀, tí òtútù ń mú ọ nígbà tí ooru ń mú ẹlòmíràn, tí irun rẹ ń re, tí àárẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ, fọwọ́ kan iwájú ọrùn rẹ bóyá gẹ̀gẹ̀ ń yọ, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn UCH kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Máa ra iyọ̀ tí a fi áyódíìnì sí, nítorí àìtó áyódíìnì wà lára ohun tí ń fa gẹ̀gẹ̀.

Màá fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Fi í san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, kí o sì fi ìyókù gbé omi yín lọ fún àyẹ̀wò kòkòrò, nítorí o sọ fún mi pé ṣaláńgá ilé kejì súnmọ́ kànga yín, èyí sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tí o kọ lọ. Títí èsì yóò fi dé, máa sè é kí o tó mu ún.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Ìpọ̀nrí.