Yíyan Búrọ́ọ̀ṣì Afẹ́fẹ́ fún Kíkun Ère Kéékèèké

Irinṣẹ́ kan wà tí àwọn tí ń kun ère kéékèèké ti ọmọ ogun, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfurufú ń lò. Irun kò sí lẹ́nu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fọ́ ọ̀dà sí wẹ́wẹ́ bí ìrì, tí ó sì ń gbé e lé ara ère. Ní ọdún 1892 ni Charles Burdick gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tí a ń dì mú bí kálàmù. Iṣẹ́ náà a máa tètè sú ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ wọn kò dá, bí kò ṣe pé ohun tí wọ́n rà kò bá iṣẹ́ wọn mu. Kí ni ó yẹ kí a wò, kí owó wa má baà ṣègbé?

Èkíní ni ibi tí ìka ń tẹ̀. Nínú irú kan, bí Paasche H, bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ àti ọ̀dà a jáde pọ̀. Nínú irú kejì, a ń tẹ̀ ẹ́ fún afẹ́fẹ́, a sì ń fà á sẹ́yìn fún ọ̀dà. Èyí ṣòro díẹ̀ láti kọ́, ṣùgbọ́n òun ni a yàn, nítorí pé ère tí kò ga ju ìka lọ ń fẹ́ kí a lè bu ọ̀dà kù láìdá ọwọ́ dúró.

Èkejì ni ago ọ̀dà. Bí ago bá wà lókè, ọ̀dà a máa fúnra rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí kò le ti tó. Èyí tí ìgò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yẹ fún ohun ńlá.

Ẹ̀kẹta ni ihò ẹnu rẹ̀. Ihò mílímítà 0.2 a máa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà a tètè dí i. Láti 0.3 dé 0.5 ni ó yẹ olùbẹ̀rẹ̀: ti Iwata Neo CN jẹ́ 0.35, ti Badger Patriot 105 jẹ́ 0.5.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ tí ń fún un ní afẹ́fẹ́. Kí ó ní táǹkì, kí afẹ́fẹ́ má baà máa já lu ara rẹ̀. Kí ó ní ohun tí ń gba omi, àti aago tí ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn. Psi 15 sí 25 tó fún ère kékeré.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a lè tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì rí abẹ́rẹ́ àti ẹnu mìíràn rà fún un. Abẹ́rẹ́ tí ó bá ṣubú a máa tẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré, tí a kò rí abẹ́rẹ́ rẹ̀ rà mọ́, ti di ẹrù asán.

Nígbà iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a la ọ̀dà títí yóò fi ṣàn bí wàrà, kí a ṣí fèrèsé, kí a sì lo ìbòmú tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Kí a kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele lórí ìpele. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jẹ awọ. Bí a bá sì parí, kí a fọ irinṣẹ́ náà kí ọ̀dà tó gbẹ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ báyìí yóò lò ó pẹ́.