Agbára Tí Kò Ní Ìwọ̀n

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ yín ń ṣe eré orí tábìlì tí à ń pè ní Dungeons & Dragons, tí ẹ sì gbọ́ pé idán wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe tètè bínú. Ìwé Deutarónómì orí 18 kọ iṣẹ́ oṣó fún wa, n kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni idán orí tábìlì yìí, ẹ̀kọ́ sì wà nínú òfin rẹ̀.

Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Olùdarí kan a máa sọ ìtàn. Olúkúlùkù òṣèré a máa sọ ohun tí ẹni tí òun dúró fún fẹ́ ṣe. Dáìsì a sì máa fi hàn bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹnì kan lè jẹ́ jagunjagun, kí ẹlòmíràn jẹ́ onídán.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti dìde. Idà jagunjagun kì í kọjá ọ̀tá tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọfọ̀ onídán lè sun odidi ẹgbẹ́ ogun lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹnì kan ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, àwọn yòókù yóò sì di òǹwòran.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ̀lé àpẹẹrẹ inú ìtàn Jack Vance: ọfọ̀ tí onídán bá ti pè yóò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí yóò fi tún un kọ́. Síbẹ̀, onídán tó jẹ́ aláìlera ní ìbẹ̀rẹ̀ a máa borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ó bá ti dàgbà. Nítorí náà, nínú ẹ̀dà karùn-ún, ní ọdún 2014, wọ́n fi òfin ìfọkànsí lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọfọ̀ tí agbára rẹ̀ ń pẹ́ ń béèrè pé kí onídán fọkàn sí i. Kò lè di méjì irú rẹ̀ mú pọ̀. Bí ọ̀tá bá sì ṣe é léṣe, ó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí i pé wọn kò gba agbára lọ́wọ́ onídán. Iye ni wọ́n fi lé e, kí ẹnìkejì lè rí iṣẹ́ ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjì: Kí ni agbára rẹ ń ná ọ? Kí ló kù fún ẹni tó jókòó tì ọ́ láti ṣe? Ọmọ tó bá kọ́ láti dáhùn wọn lórí tábìlì yóò mọ̀ wọ́n dáhùn ní ọjọ́ tí a bá fi í ṣe olórí.