Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́: Ìmọ̀ràn Lórí Oògùn Ìfètòsọ́mọbíbí Tí A Gbàgbé

Omi ló dànù, agbè ò fọ́, lọ̀rọ̀ obìnrin tó gbàgbé hóró kan ṣoṣo nínú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn yìí, ìgbàgbé kò sì ṣòro ní Òkè-Ògùn: ẹlẹ́lùbọ́ Ṣakí bá ẹrù lọ sí Ìbàdàn, ọkọ̀ bàjẹ́, ó sùn sọ́nà, aya àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn sùn sí abà nígbà ìkórè, káàdì oògùn wà nínú àpótí nílé.

Hóró 28 ló máa ń wà nínú káàdì tó wọ́pọ̀, bíi Lo-Femenal. Funfun ni 21, àwọn ló ń dènà oyún. Méje tó kẹ́yìn, aláwọ̀ ilẹ̀, èròjà irin tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun ló wà nínú wọn. Ẹni tó bá fo aláwọ̀ ilẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Kó sọ ọ́ nù, kó máa bá ìyókù lọ.

Bó bá jẹ́ funfun kan ló fò, kó gbé e mì gẹ́lẹ́ tó bá rántí, bí yóò tilẹ̀ lo méjì lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ti tó.

Bó bá di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbè ti ń jò. Àwọn kan a kó gbogbo èyí tí wọ́n fò mì lẹ́ẹ̀kan náà. Èébì àti òòyì nìyẹn ń fà, kì í ṣe àtúnṣe. Èyí tó fò gbẹ̀yìn nìkan ni kó lò, kó da àwọn tó ṣáájú nù, kó sì máa lo ìyókù bó ṣe yẹ. Fún ọjọ́ méje gbáko, kí ọkọ lo kọ́ńdọ̀mù tàbí kí wọ́n má bá ara wọn lò pọ̀.

Ibi tí àlàfo náà bọ́ sí ṣe pàtàkì. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní káàdì ló léwu jù, nítorí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọjọ́ méje tí kò rí oògùn, ẹyin sì lè ti máa gbọ̀n jí. Bí obìnrin bá ti bá ọkọ lò pọ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, kó tètè wá oògùn pàjáwìrì bíi Postinor, èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta, kó lo funfun tán, kó da aláwọ̀ ilẹ̀ nù, kó bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun lọ́jọ́ kejì. Nǹkan oṣù lè má wá lóṣù náà, kò burú.

Ẹni tó fi káàdì tuntun falẹ̀ náà ti fo oògùn. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde: kí káàdì kejì ti wà nínú báàgì kí ti ìṣáájú tó tán.

Ti ìyá ọlọ́mú tó ń lo Microlut yàtọ̀. Kò sí aláwọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Bó bá fi ju wákàtí mẹ́ta lọ kọjá àkókò, ó ti fò ó nìyẹn. Kó lò ó kíá, kó sì fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ méjì.

Ẹni tó bì kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tó lo hóró, kó lo òmíràn. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ìfe gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí rifampicin ń ba agbára oògùn ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́. Omi iyọ̀, kán-ún àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń mu lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò dènà oyún rárá.

Bí nǹkan oṣù bá pẹ́, kó ṣàyẹ̀wò oyún. Oògùn tó ti lò láìmọ̀ pé ó lóyún kì í ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ẹni tí ìgbàgbé bá di ìṣe rẹ̀, kó béèrè abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tàbí ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ní iléewòsàn ìjọba.